Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Bá Mi Ṣọ́ Ẹyẹ

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje títí mo fi wọ iléèwé girama, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá mi gbé lé mi lọ́wọ́ nínú oko ìrẹsì wọn ní ẹ̀bá Ọ̀fàdà: kí n má jẹ́ kí ẹyẹ jẹun. Bí ìrẹsì bá ti yọmọ, tí omi inú rẹ̀ sì funfun bíi wàrà, àwọn ẹ̀gà á dé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, èmi náà á sì ti wà lórí àga onígi gíga kan láti ìdájí, pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́ ọ̀tún àti agolo mílíìkì tó kún fún òkúta lọ́wọ́ òsì, tí n ó máa ké "Hàáà!" títí ohùn mi yóò fi há. Ọjọ́ tí oorun bá gbé mi lọ, tí ẹ̀gà sì bo ìrẹsì, ẹ̀yìn mi ni Bàbá ti máa ń gba owó àdánù náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń fi owó ra oúnjẹ fún ẹyẹ lónìí ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ẹni tí a tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi sí i. Ó ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé ológoṣẹ́ ti dín kù gidigidi ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì fẹ́ máa bọ́ wọn. Mo ra ọ̀pá oníhò kan tí a ń rọ ọkà sí, mo gbé e kọ́ igi ápù ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ọ̀pá kan ti di mẹ́rin, nítorí pé ẹyẹ ìlú òyìnbó a máa ṣa oúnjẹ jẹ. Robin, ẹyẹ kékeré aláyà pupa, fẹ́ kí a da tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Blue tit, tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ, a máa dorí kodò kí ó tó ṣá ẹ̀pà jẹ. Goldfinch olójú pupa ní tirẹ̀ fẹ́ràn irúgbìn dúdú tín-ín-tìn-tín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nyjer. Etiópíà ni irúgbìn náà ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bí òyìnbó ṣe ń pè é nínú ṣọ́ọ̀bù, mo yíjú padà kíákíá, mo rò pé ọmọ Naijá kan ló ń kí mi.

Bàbá wá kí wa ní oṣù Kejìlá. Ọmọ ọdún 76 ni wọ́n, ojú wọn sì mú ju tèmi lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n gbé ife tíì dání, wọ́n dúró sẹ́nu fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n sì rí ológoṣẹ́ bíi mẹ́wàá tí wọ́n ń patótó lórí ọ̀pá mi bí ẹ̀gà.

"Àjàní, ta ló da ọkà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó ṣèèṣì dà nù ni?"

"Rárá, sà. Mo rà á fún wọn ni."

Wọ́n béèrè iye tí mo ń ná sí i. Mo ní nǹkan bí 20 pọ́n-ùn lóṣù. Mo rí ètè wọn bó ṣe ń mì bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ sí náírà, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mo máa ń nà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gà?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni mo máa ń nà." Wọ́n tún un sọ bí ẹni tó ń wádìí lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni òun ti ń nà láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi lọ́jọ́ tí àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ti pọ̀ rẹpẹtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, já wọ ọgbà wa pẹ̀lú ariwo. Bàbá wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí náà rí físà gbà?" Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀pà inú àpò ń yára tán ju bí ẹyẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo fẹ̀sùn kàn, nítorí pé ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú tí àwọn òyìnbó kó wá láti Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 150 ọdún sẹ́yìn mọ bí a ṣe ń ṣí ìdérí ọ̀pá náà ju èmi tí mo fowó rà á lọ. Mo kàn parọ́ mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni. Bàbá ló ń fi ẹ̀pà ẹyẹ mu gaàrí lọ́sàn-án. Wọ́n ní ẹ̀pà náà kò burú, àfi pé ẹni tó yan án kò yan án jinná. Kò sí ẹni tó yan án rárá.

Bí oṣù Kínní ṣe ń parí lọ ni wàhálà dé. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ RSPB, tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹyẹ láti ọdún 1889, máa ń rọ ará ìlú pé kí oníkálukú fi wákàtí kan péré ka ẹyẹ tó bà sí ọgbà rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ̀. Òfin rẹ̀ kò le: ẹyẹ tó fò kọjá lókè kò sí nínú ìṣirò, a kì í sì í ro iye pọ̀, iye tó pọ̀ jù lọ tí a rí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni a ń kọ, kí a má baà ka ológoṣẹ́ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí a kò bá tilẹ̀ rí ẹyẹ kankan, wọ́n ní kí a kọ ìyẹn náà ránṣẹ́. Ọmọ mi ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé ọgbà wa ni yóò ní ẹyẹ jù, ṣùgbọ́n nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ ní láti lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú náà, èmi ni ó fi iṣẹ́ kíkà lé lọ́wọ́, láti aago mọ́kànlá sí aago méjìlá.

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí mo ti ń sáré jáde lọ síbi iṣẹ́ òru, mo bá Bàbá ní pálọ̀, mo sì sọ ohun tí mo rò pé ó yéni yékéyéké: "Bàbá, lọ́la ni a ó ṣọ́ ẹyẹ o. Wọ́n fẹ́ mọ iye tó wà nínú ọgbà oníkálukú."

Ká ní mo sọ pé a ó "wo" ẹyẹ ni, bóyá ǹ bá bọ́. Ṣùgbọ́n ní oko wa, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni kí a ṣọ́ ẹyẹ ní, òkò sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ìdajì kejì gbólóhùn mi ló wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá, nítorí pé láyé Bàbá, ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń wá ka nǹkan ẹlẹ́mìí nílé onílé ni wọléwọlé, tí yóò ṣí àmù ìyá rẹ, tí yóò wo tanwíjí inú rẹ̀, tí yóò sì kọ ìwé ilé ẹjọ́ lé ọ lọ́wọ́.

Bàbá wò mí tàánútàánú. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ," wọ́n ní. "Má mikàn. Èmi wà nílé."

Orí mi wú. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lóru náà pé Bàbá mi ti fẹ́ràn ẹyẹ báyìí.

Aago mẹ́jọ kọjá nígbà tí mo délé, mo sì bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láì wo ẹ̀yìn. Nígbà tí fóònù jí mi ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé bébà àti bírò, mo wọ ilé ìdáná, mo sì fa aṣọ fèrèsé. Ọkùnrin kan dúró láàárín ọgbà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira. Kóòtù òtútù mi ló wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà abetíajá tí mo fi ń ṣe ọdún ló sì dé sórí. Mo wá ìgbálẹ̀ onígi gígùn wa kí n fi gbèjà ara mi, n kò rí i, nítorí pé igi ìgbálẹ̀ náà ni eegun ẹ̀yìn ọkùnrin ọ̀hún.

Ìgbà yìí ni mo tó gbọ́ ohùn náà. Okùn dúdú pẹlẹbẹ kan, tó ń dán yanran nínú oòrùn, ti gba gbogbo ọgbà kọjá, láti igi ápù dé odi onípákó, láti odi dé òpó ìsáṣọ, ó tún padà sí igi ápù, ó sì ń hùn nínú atẹ́gùn bí oyin. Ẹni tó bá ti ṣọ́ ìrẹsì rí mọ̀ ọ́n: okùn inú kásẹ́ẹ̀tì ni. Atẹ́gùn ló ń mú un kọrin, dídán rẹ̀ ló sì ń ba ẹyẹ lẹ́rù. Mo fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn kásẹ́ẹ̀tì fújì mi àtijọ́ ni.

Bàbá wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi bora títí dé imú, wọ́n sì di agolo tòmátò tó kún fún òkúta mú.

"Láti aago mẹ́fà ni mo ti wà níbí," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan nínú wọn kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Níbo ni àwọn aṣírò náà wà? Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Àlàyé gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yé wọn pé èmi fúnra mi ni aṣírò, pé iye púpọ̀ ni a ń wá, pé kò sì sí owó ìtanràn nínú rẹ̀, Bàbá gbé agolo kalẹ̀ jẹ́jẹ́, agolo náà sì ṣubú, ó dún gbàràgàdà, àdàbà kan ṣoṣo tó ti ń rọra bọ̀ wá sórí odi ṣẹ́rí padà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà. Ẹni tó bá ti tú okùn kásẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé kì í tú, ńṣe ni ó ń bí sí i. Ibi tí ó ti wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni ìyá arúgbó òyìnbó tí ilé rẹ̀ kan tiwa ti yọ orí lókè odi. Ó ní òun kò fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti kí ọ̀gbẹ́ni tó dúró sí àárín ọgbà yẹn láàárọ̀, kò dá òun lóhùn, ìyẹn ni òun ṣe ní kí òun béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọgbà tirẹ̀, mo rí ológoṣẹ́ mi, mo rí blue tit mi, mo rí goldfinch tí mo tìtorí rẹ̀ ra nyjer. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ti Thamesmead ti sọ fún ara wọn.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni robin kan dé. Ẹyẹ yìí kò mọ ìbẹ̀rù. Bí ẹnì kan bá ń gbẹ́lẹ̀ lóko, ìdí ọkọ́ rẹ̀ gan-an ni yóò ti máa ṣa ekòló jẹ. Ó wo okùn, ó wo èmi tí mo wà lórí eékún, ó wo Bàbá, ó sì bà sórí fìlà abetíajá ère náà, ó jókòó sí etí ọ̀tún rẹ̀, ó ń kọrin. Mo nawọ́ fa bébà, mo kọ ọ̀kan.

Bàbá sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyẹn náà, ṣé kí n bá ọ lé e?"

Ìyàwó mi àti ọmọ mi wọlé lẹ́yìn aago méjìlá. Ọmọ mi gba bébà, ó rí 1, ó yí i padà láti wò ó bóyá iye tó kù wà lẹ́yìn. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò wo ère, kò sì wo agolo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ike dúdú ńlá kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá, ó sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, nínú ìwé ọwọ́ tirẹ̀: "Ìgbéyàwó, 2002. Kásẹ́ẹ̀tì kejì. Ijó."

Kì í ṣe fújì. Fídíò ìgbéyàwó wa ló ń hùn láti igi ápù dé òpó ìsáṣọ.

N kò lè bínú sí Bàbá, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ṣì ń wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, tí mo sì dáhùn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà wọ́n mọ́. N kò sì lè wo ojú ìyàwó mi, nítorí pé ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n gbé wọn lọ fún àwọn tó ń yí wọn padà sínú fáìlì. Ohun tó tún wá dunni níbẹ̀ ni pé Bàbá fúnra wọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú kásẹ́ẹ̀tì kejì náà. Wọ́n jó lọ́jọ́ náà débi pé ẹni tó ń ya fídíò gbàgbé ìyàwó. Ijó ara wọn ni wọ́n tẹ́ sínú ọgbà láti fi lé ẹyẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti jókòó sí ilé ìdáná tí mo ń fi pẹ́ńsù wé okùn náà padà sínú ike rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan, mo gbọ́ ohùn Bàbá láti pálọ̀. Wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Ọ̀fàdà, ohùn wọn sì lọ sókè bí ẹni pé láìsí fóònù náà ó ṣì lè gbọ́.

"Gbogbo àdúgbò ni ẹyẹ kún bámúbámú," ni wọ́n ń wí. "Ní ilé Àjàní, ọ̀kan péré ni wọ́n rí kà. Òun náà kò rí nǹkan kan jẹ o. Orí fìlà ló jókòó sí."