Ọwọ́ òsì lórí Mánásè

"Òun ni àkọ́bí lóòótọ́, àmọ́ orí àbúrò ni ìbùkún bà lé."

Ìyá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì wọn lẹ́yìn ìsìn òní. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń kó ìwé orin jọ. Èmi ni àkọ́bí nílé wa, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èmi ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ Ésáù, torí orí rẹ̀ ni ìwàásù dá lé. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka àwọn ìwé orin yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni iye wọn ń yàtọ̀.

Ìyókù ọjọ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Mo fọṣọ, òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Àbúrò mi pè, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, n kò mẹ́nu bà á.

Orí àbúrò ni ìbùkún bà lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tó ti ń dùn mí, n ò ní tún un sọ. Ohun tó ká mi lára ni pé inú Bíbélì kún fún irú rẹ̀. Ísáákì ni, kì í ṣe Íṣímáẹ́lì. Rúbẹ́nì pàdánù ipò àkọ́bí, wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ Jósẹ́fù. Dáfídì ni ọmọkùnrin kẹjọ Jésè, wọn ò tilẹ̀ rántí pè é wá láti ìdí àgùntàn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an nígbà tí mo wà ní kékeré. N kò ro ti Élíábù rí, ẹ̀gbọ́n pátápátá, tó dúró níbẹ̀ tí wọ́n da òróró sórí ẹlòmíràn níṣojú rẹ̀.

Síbẹ̀, Ọlọ́run yìí kan náà ló sọ nínú Diutarónómì pé ìlọ́po méjì ni ìpín àkọ́bí, kódà bí bàbá ò bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Nígbà tó fi àwọn ọmọ Léfì rọ́pò àwọn àkọ́bí Ísírẹ́lì nínú iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n kà wọ́n. Àwọn ọmọ Léfì jẹ́ 22,000, àwọn àkọ́bí jẹ́ 22,273. Kò fojú fo 273 tó ṣẹ́ kù. Ṣékélì márùn-ún, owó ayé ìgbà yẹn, ni wọ́n fi ra ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn padà. Ẹni tí àkọ́bí ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ ò ní kà á tó bẹ́ẹ̀.

Àbí mo kàn ń wá ohun tí n óò fi tu ara mi nínú ni?

Mo tún ka Jẹ́nẹ́sísì 48 lálẹ́ yìí. Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ ló to àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó fi Mánásè, àkọ́bí, sí ọwọ́ ọ̀tún Jákọ́bù bàbá àgbà wọn. Ojú Jákọ́bù ti ṣú, síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ méjèèjì kọjá lórí ara wọn, ọ̀tún bọ́ sórí Éfúráímù àbúrò, òsì bọ́ sórí Mánásè. Inú Jósẹ́fù ò dùn, ó di ọwọ́ náà mú, ó fẹ́ gbé e kúrò. Jákọ́bù ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi, mo mọ̀."

Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ọwọ́ yìí kan náà nígbà tó lọ fi ẹ̀tàn gba ìre Ésáù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó tan Mánásè jẹ. Wọ́n sọ ọ́ níṣojú rẹ̀ pé àbúrò yóò jù ú lọ, wọ́n sì sọ pé òun náà yóò di ńlá. Bíbélì ò sọ pé ó fèsì.

Rárá o, ìyá yẹn ò sọ ọ́ dáadáa. Ìbùkún kì í ṣe ẹyẹ tó bà lé ẹ̀ka kan tí ẹ̀ka kejì wá ṣófo. Ọwọ́ òsì náà wúwo lórí ọmọ. Ìwé Hébérù tilẹ̀ pe gbogbo wa ní ìjọ àwọn àkọ́bí. Mo gba èyí gbọ́, tọkàntọkàn. Àmọ́ bí gbogbo wa bá jẹ́ àkọ́bí, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ṣì...

Bàbá wa gbàdúrà fún wa kí wọ́n tó lọ. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí àtàńpàkò wọn níwájú orí mi, ó gbóná, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń ronú bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí òsì.

Àbúrò mi lè rántí. Ó yẹ kí n ti béèrè nígbà tó pè.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Bóyá lọ́la.