Ọyẹ́ dé, ara ọmọ ń yún un: bí a ṣe lè tù ú lára nílé

Ọyẹ́ Abuja kì í bá ara ìkókó ṣeré. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ máa ń fa omi kúrò lára gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọmọ tí awọ ara rẹ̀ kò lágbára ló ń jìyà jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà orí, apá àti ẹsẹ̀. Ọmọ á máa fi ojú ra èjìká ìyá rẹ̀, kò ní sùn lóru. Òun ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń pè ní èélá, tí dókítà ń pè ní eczema.

Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá pọ́n. Lára ọmọ dúdú, ó lè dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè rí bí eérú, ó sì lè jẹ́ kókó wẹ́wẹ́. Ọwọ́ ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ á rí ṣákiṣàki bíi sáńpépà. Abẹ́ pámpásì kì í sábà ní in. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka ló ń yún un, tí àwọn ará ilé náà sì ń họra lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kúrúnà. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Awọ ọmọ tó ní eczema dà bí ìkòkò tó ń jò. Omi inú rẹ̀ ń sá jáde, eruku àti ọṣẹ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ká dí ibi tó ń jò ni iṣẹ́ wa.

Ẹ wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi dígírì 37. Ẹ fi inú ọrùn ọwọ́ yín wò ó: kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ gbé kànrìnkàn sílẹ̀ pátápátá, ọwọ́ yín tó. Ọ̀rọ̀ tó kàn lè má dùn létí ìyá àgbà tó wá ṣe ọmọ wẹ̀: ọṣẹ dúdú kò dára fún ọmọ yìí. Eérú ni a fi ń ṣe é, agbára eérú náà á sì bó ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára rẹ̀. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ lò, ní abẹ́ apá, ọrùn, itan àti ìdí nìkan. Bí omi bọ́ḿbù yín kò bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, ẹ má fi ọṣẹ kún un. Ẹ má sì da omi apakòkòrò sí omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Inú ìṣẹ́jú 3 tó tẹ̀lé ìwẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ fi tówẹ̀lì tẹ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má nù ún gbẹ. Bí ara ṣe tutù díẹ̀ yẹn, ẹ fi vaseline tí kò ní òórùn tàbí ògidì òrí pa á. Òrí wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Hausa tó ń ta man kaɗe, bí wọ́n ṣe ń pe òrí, lọ́jà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó yọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá ọmọ fún ọjọ́ 2 kí ẹ wò ó. Ẹ máa fọwọ́ lọ sísàlẹ̀ bí irun ara ṣe tò, torí yíyí ọwọ́ po máa ń dí ihò irun. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Nǹkan bíi giráàmù 125 sí 250 ló yẹ kó tán lọ́sẹ̀ kan. Bí agolo kékeré kan bá ń lo oṣù kan nílé yín, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí mímọ́ ni kí ẹ fi máa bù ú. Aṣọ tó ti mu òróró yìí máa ń tètè gbaná, nítorí náà, ẹ gbé ọmọ jìnnà sí ìkòkò ẹ̀yinná tí wọ́n fi ń yáná.

Òróró ẹ̀pà ńkọ́? Rárá o. Ẹ̀pà tó bá gba ojú awọ tó ti bó wọ ara ọmọ lè sọ ọ́ di ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ìpara àdàlù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì àdúgbò, tí sítẹ́rọ́ìdì líle (oògùn tó ń pa wíwú àti yíyún) wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Lọ́jọ́ kẹta ara á dán, gbogbo ilé á dúpẹ́. Tí ẹ bá dáwọ́ dúró, á padà. Bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, á sì bó. Bí dókítà bá ní kí ẹ lo hydrocortisone 1%, ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí kò le, èyí tí ẹ fún láti orí ìka ìfábẹ̀là àgbà dé oríkèé àkọ́kọ́ tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì. Ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ tó dá fún yín.

Lóru, ẹ fi aṣọ òwú tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé ibi tó ń yún un fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi òrí pa á. Ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ òwú bọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fún un ní promethazine, oògùn ara yíyún tó ń kunni lóorun, kó lè sùn: ó lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 dúró. Kí súwẹ́tà má kan ara rẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù òwú sí i lábẹ́. Ẹ ṣan aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má kó kánfọ̀ (naphthalene) sáàárín aṣọ náà, torí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní àìsàn àbímọ́ tí wọ́n ń pè ní G6PD jẹ́. Èéfín turare náà ń bí awọ nínú.

Bí ọyún bá yọ, bí èépá bá rí bí oyin, tàbí bí ara bá gbóná, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìléròrò tó ṣùjọ, tó dọ́gba, tó sì ń ro ọmọ kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Bí ètè bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn má ṣe yọ ẹyin, wàrà tàbí ẹ̀pà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Àpá dúdú tàbí fífunfun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń pa rẹ́ fúnra rẹ̀ bí oṣù bá ti ń lọ. Ẹ má fi ìpara kankan bó o.