Ohun tí pèrègún kọ́ mi nípa omi bíbu

Nígbà tí mo kọ́ ilé sí Ìsánlú, ní Ìlà-Oòrùn Yàgbà, òdòdó àjòjì ni mo kọ́kọ́ gbìn síwájú rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa títí òjò fi dá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, tí omi kànga wa sì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, garawa 4 ni mo ń bù sí wọn ní àràárọ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tó rí òjò àkọ́rọ̀ nínú wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà gan-an ni pèrègún tí bàbá mi fi pa ààlà wà, èyí tí wọ́n ti gbìn kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kógì sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láìsí ẹni tó ń bomi rin ín.

Mo gé ẹ̀ka 10 lára rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí mo rò pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi kò lè pọ̀ jù fún ohun ọ̀gbìn. Kò tó oṣù kan tí ìdí 8 nínú wọn fi rà. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ló fa ọ̀kan yọ, tó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, tó sì wí pé: “Ọmọ mi, oòrùn kọ́ ló pa á o, omi rẹ ni.”

Òótọ́ ni ìyá sọ. Igi pèrègún nípọn, ó ń tọ́jú omi sínú ara rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì nílò afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá rin gbindin nígbà gbogbo, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ mọ́, gbòǹgbò a sì jẹrà kó tó mú ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ń gbìn ín, kí gbòǹgbò lè ti wọlẹ̀ dáadáa kí oṣù kọkànlá tó dé. Mo máa ń gé igi tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, mo ń gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí n má baà dorí rẹ̀ kodò, mo sì ń fi í sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni mo ń rì mọ́lẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ wa bá ti le bí òkúta, mo máa ń wa kòtò rẹ̀ jìn, mo sì ń po iyanrìn mọ́ ọn kí omi lè ráyè kọjá.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó, bí ìka bá wọ ilẹ̀ tí kò bá ọ̀rinrin pàdé. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ yí i ká ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Láti ẹ̀ẹ̀rùn kejì, n kì í bomi rin ín mọ́. Bí ẹnu ewé bá pọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe sáré gbé garawa: atẹ́gùn gbígbẹ ló ń fà á, ewé tuntun tó ń yọ láàárín yóò sì tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ó di ọgbà, kí ó gé orí rẹ̀, torí ibi tí a gé ló ti máa ń pẹ̀ka. Kí ẹni tó ní ajá ṣọ́ra, nítorí ewé yìí máa ń mú ajá bì. Òdòdó rẹ̀ funfun, alẹ́ ló sì ń là. Nígbà tí tèmi kọ́kọ́ yọ òdòdó, òórùn dídùn rẹ̀ wọ yàrá wa débi pé a ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lára àwọn 2 tó ṣẹ́kù nínú 10 náà ni mo ti gé ẹ̀ka tí mo fi ṣe gbogbo ọgbà iwájú ilé mi. Bí aládùúgbò bá bèèrè ẹ̀ka nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.