Ohun tí mo ń wò lára dọ́là fàdákà Morgan

Bí dọ́là fàdákà Morgan bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí abẹ́ ẹyẹ idì ni lẹ́tà ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ máa ń wà: CC fún Carson City, S fún San Francisco. Amẹ́ríkà rọ owó yìí láti 1878 títí di 1904, àti ní 1921, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní 2021. Fàdákà inú gbogbo ti àtijọ́ dọ́gba, ìdá 90 nínú 100, síbẹ̀ ti San Francisco ọdún 1893, tí wọn kò rọ ju 100,000 lọ, níye lórí ju fàdákà inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Mo ti fọ ọ̀kan rí. Ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò sí olùkójọ owó àtijọ́ tí ó fẹ́ rà á.