Kúlà Dókásì: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Láti Ṣómólú

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ kú Sábáàtì, ẹ kú oore-ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé mi síwájú ìjọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká wá dúpẹ́, ẹkún ni mo sun, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ tó lórí tó nídìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè bá mi gbé Olúwa ga.

Onítẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ariwo máṣíìnì ìtẹ̀wé kì í dákẹ́ níbẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ Fúráídè. Ọjọ́ yẹn ni onígbèéyàwó ń wá gba káàdì, ọjọ́ yẹn ni olóòkú ń wá gba ìwé ètò ìsìnkú, nítorí Sátidé ni Èkó ń ṣe gbogbo ìnáwó rẹ̀. Èmi ní tèmi, tí agogo mẹ́rin bá ti lù, màá pa máṣíìnì, màá fi kẹrosíìnì fọ íǹkì kúrò lọ́wọ́, màá ti ṣọ́ọ̀bù. Sábáàtì ń wọlé bí oòrùn Fúráídè bá ti wọ̀, kò sì ní jáde títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. Àwọn oníbàárà kan ti torí ẹ̀ fi mí sílẹ̀. Mi ò bínú sí wọn.

Ọmọ Ẹ̀rúnmu ni bàbá bàbá mi, lẹ́bàá Ìbàdàn, níbi tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run David Babcock fi ṣe ibùdó nígbà tó mú ìhìn ìjọ wa, Seventh-day Adventist, dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1914. Inú ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìjọ sílẹ̀. Ará ni kì í jẹ́ kí n wá mọ́, kì í ṣe Ọlọ́run.

Ẹ ó rántí pé ọdún tó kọjá la ya ilé ìjọsìn wa sí mímọ́. Ìjọ wa kì í ya ilé sí mímọ́ bí gbèsè bá ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń dá owó, ojú akápò wa sì le lórí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò ọjọ́ náà. Nígbà tí mo kó o dé, ogójì ẹ̀dà nínú rẹ̀ ni ojú ìwé wọn ti dàrú. Akápò ní òun kò ní san owó tó kù àyàfi tí mo bá tún wọn tẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn ló ti sọ ọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, mo yé wá sí àdúrà Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tó yẹ ká kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ ara wa, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, bí wọ́n ti ń gbé abọ́ omi jáde báyìí ni mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Fúráídè kan nínú oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Mo ṣì wà nídìí máṣíìnì nígbà tí ìyá ìyàwó mi pè mí. "Bàbá Onítẹ̀wé, ọmọ ti dé o! Ọkùnrin ni!" Mo sáré dé ilé ìgbẹ̀bí ní nǹkan bí agogo márùn-ún àbọ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo fún un lómi. Ó tún béèrè omi. Lẹ́yìn náà ó ní òtútù ń mú òun, bẹ́ẹ̀ ooru ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo fa aṣọ bò ó. Ibi tí mo ti ń fa aṣọ ni mo ti gbọ́ tó, tó, tó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ti gba inú tìmùtìmù kọjá, ó ń kán sílẹ̀.

Ilé ọmọ tó yẹ kó sún kì lẹ́yìn ìbí ni kò sún kì. Nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ ra á nínú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò dá. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìkòròdú Road nírọ̀lẹ́ Fúráídè, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé. Orí ìyàwó mi wà lórí itan mi lẹ́yìn ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ibi kejì gbà wá. Dókítà wo káàdì rẹ̀, ó ní: "O negative ni o. Páìǹtì kan péré ló kù sílẹ̀ níbí. Ẹ wá mẹ́ta sí i, kíákíá."

Ará mi, wọ́n ti fi báírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì yẹn láti oṣù kẹta oyún. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n ti wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹlẹ́jẹ̀ O negative kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì lè fún un. Mo ní màá ṣe é. Mi ò ṣe é. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Agogo méje ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn. Mo pe Bàbá Alàgbà, fóònù wọn kò lọ. Mo pe ẹni kejì, ẹni kẹta, bákan náà. Ìgbà náà ni mo rántí pé oòrùn ti wọ̀: gbogbo wọn wà ní ìsìn ìwọlé Sábáàtì, wọ́n ti pa fóònù. Mo fi orí mi ti ògiri. Ìyá Dókásì, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe ìtọ́jú aláìní nínú ìjọ wa, nìkan ló kù tí mi ò tíì pè. Ọlọ́run ló ṣe é, ara arábìnrin àgbà kan kò yá lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Dókásì kò sì pa tirẹ̀ nítorí àtigbúròó rẹ̀. Wọ́n gbé e. Mo sọ̀rọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ bí orin náà ṣe dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá Alàgbà: "Ká tó ṣe àmín, ẹni tó bá lè fún ni lẹ́jẹ̀, kó dìde." Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ ariwo àga lórí sìmẹ́ńtì. Ariwo àga yẹn ṣì wà ní etí mi títí di òní.

Agogo mẹ́jọ àbọ̀ kò tíì lù tí bọ́ọ̀sì ìjọ já àwọn mọ́kànlá sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wò wọ́n, ó wo aṣọ ìsìn lọ́rùn wọn, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kì í gba ẹ̀jẹ̀?" Wọ́n máa ń ṣì wá mú. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni kì í gba ẹ̀jẹ̀. Nínú ìjọ tiwa, gbígbà rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, fífún ni náà kì í ṣe èèwọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wọn bi Bàbá Alàgbà bóyá kò ní dà bí iṣẹ́ lọ́jọ́ Sábáàtì. Bàbá ní, "Jésù ní bí àgùntàn bá jìn sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, a ó fà á jáde. Ìyàwó Onítẹ̀wé ńkọ́?" Mátíù 12 ni, ẹ lọ kà á.

Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí èmi àti ẹ̀ kì í kọjá "ẹ kú Sábáàtì" síra wa, òun nìkan ló jẹ́ O negative. Láti ìgbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ló ti mọ̀. Ó na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fà á. Àwọn mẹ́fà fi irú ẹ̀jẹ̀ tiwọn dípò, kí báǹkì ẹ̀jẹ̀ lè bá wa wá èyí tí a nílò níbòmíràn. Wọ́n dá mẹ́rin padà: ọ̀kan kò wúwo tó àádọ́ta kílò, ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì kò pọ̀ tó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kẹrin ga jù.

Ẹ̀kẹrin yẹn ni akápò wa. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó bá wọn wá.

Wọ́n rí páìǹtì méjì ní ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún ní Erékùṣù. Ẹnìkan ní láti lọ gbé e, kó má sì gbóná lọ́nà. Akápò ní, "Ẹ ò gba ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n lọ." Kò sí ohun tí a ó fi gbé e. Ìyá Dókásì bá sọ kalẹ̀ lọ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé kúlà tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì wá fún oúnjẹ ọ̀sán Sábáàtì jáde, wọ́n fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n fi aṣọ mímọ́ nù ún. Akápò fi owó ara rẹ̀ ra yìnyín, òun tí kì í náwó lọ́jọ́ Sábáàtì. Òun náà ló ti san owó àsansílẹ̀ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, tí mi ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀ ló dé. Mo wà lẹ́nu géètì. Kò gbé kúlà náà sílẹ̀ bọ́ọ̀sì; orí itan rẹ̀ ló gbé e sí, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, omi yìnyín ti rin ṣòkòtò funfun rẹ̀ dé orúnkún. Mo rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sórí ìdérí rẹ̀: DÓKÁSÌ. Ẹ DÁ A PADÀ. Kò sọ nǹkan kan sí mi. Ó gbà mí kọjá, ó ń sáré.

Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, dókítà jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Halelúyà! Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ilẹ̀ yẹn, ẹnu kò sì ya ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Dókásì pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn: ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, ẹni tó ń bá ìyá ìyàwó mi tọ́jú ọmọ, ẹni tó ń mú àkọ́bí wa lọ sílé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ Rhesus positive, ti ìyá rẹ̀ jẹ́ negative, ìyá náà sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kan kí wákàtí méjìléláàádọ́rin tó pé, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa bá oyún mìíràn jà lọ́jọ́ iwájú. Ìyàwó Bàbá Alàgbà, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá abẹ́rẹ́ yẹn káàkiri títí wọ́n fi rí i.

Ní Sábáàtì kẹtàlá tó parí kọ́tà náà, a tún ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Wọ́n gbé abọ́ omi jáde. Mi ò lọ síbi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo bu omi, mo mú táwẹ́lì, mo kúnlẹ̀ níwájú akápò. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àpá iná kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tí mi ò rí rí, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí a jọ ń jọ́sìn. Mo fi omi sí i díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Bùrọ̀dá, èmi ni mo da ojú ìwé yẹn rú. Ẹ dárí jì mí." Ó ní, "Èmi náà kò yẹ kí n sọ ọ́ láàárín ènìyàn." Lẹ́yìn náà ó wẹ tèmi. Mo ti tún ogójì ẹ̀dà náà tẹ̀. Ó ti san owó tó kù. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀, ó ní ìjọ kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè.

Ìyá mi kò mọ̀ ju "Ọmọ Sábáàtì" tí wọ́n ń pe ọmọ náà lọ. A kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Tó bá dàgbà, tó fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, ìgbà yẹn ni yóò wọ inú omi. Ní Sábáàtì tó ń bọ̀, a ó gbé e wá síwájú Olúwa fún ìyàsímímọ́. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó wá, ẹ lọ yẹ irú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Èmi náà ti ṣe tèmi. O positive ni mí. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀.

Kúlà yẹn ṣì wà ní yàrá wa, a kò dá a padà. Ìyá Dókásì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Tuntun méjì la rà dípò rẹ̀, ìyàwó mi sì ti ní òun fúnra òun ni yóò se mọ́ínmọ́ín tí yóò kún wọn. Ẹyin ló máa fi sí i, kò ní sí edé. Ẹ má tètè lọ lẹ́yìn ìsìn.