Odi àti Yàrà Ọ̀yọ́-Ilé: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Rìn Ín Láì Ba Á Jẹ́

Ààfin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́. Wọ́n ń retí ògiri tó dúró ṣánṣán, bóyá òpó gbígbẹ́ díẹ̀. Ẹ má retí ìyẹn. Ohun tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ni odi ogun àti yàrà tó yí ìlú ká, òkìtì àti kòtò ni wọ́n sì dà báyìí nínú igbó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò á gun odi kọjá, á tún máa béèrè pé níbo ni odi wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń palẹ̀ mọ́ fún ọ̀gbẹlẹ̀ la kọ èyí fún.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Inú Old Oyo National Park ni ahoro náà wà. Ìjọba ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di igbó àbò láti 1941, ó di igbó ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Gbogbo ọgbà náà fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ìlú Ọ̀yọ́ níbí ni olú-ọ́fíìsì wọn wà, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn abúlé wọlé. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ àti nọ́ńbà ará ilé wọn sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà tí yóò bá yín rìn. Ẹ bi wọ́n nípa ààbò lọ́jọ́ tí ẹ lọ, kí ẹ tún bi wọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ fi sílẹ̀. Owó ọkọ̀ tí ẹ ti san kò tó nǹkan tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí wéwu lé lórí.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ sábà ń gbà ni Ògbómọ̀ṣọ́, Ìkòyí, títí dé Ìgbẹ́tì. Ìgbẹ́tì ni kí ẹ sùn sí. Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀yọ́ lówùúrọ̀ tó tún fẹ́ rìn lọ́jọ́ náà, ọ̀sán gangan ni yóò bá a nínú pápá, kò sì ní rí odi dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni òjìji. Nígbà tí oòrùn bá wà nílẹ̀, ní aago 7 sí 9 àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́, gbogbo òkìtì ló ń ta òjìji sílẹ̀, ojú á sì tọ odi bí ìlà láàárín igi. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú. Ti oṣù, December sí February ló dára jù. Kí ó tó di ìgbà náà, koríko ga ju ènìyàn lọ. Lẹ́yìn tí iná bá ti jó o ni ilẹ̀ á fara hàn. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú gan-an, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe mọ odi yìí, torí ibẹ̀ ni ohun gbogbo wà. Yàrà ni wọ́n ń gbẹ́, erùpẹ̀ tó jáde ni wọ́n sì ń kó sí apá inú tí wọ́n fi ń gbé odi ró. Ọ̀tá tó bá já sí yàrà ní láti gun ìjìnlẹ̀ yàrà àti gíga odi pa pọ̀. Hugh Clapperton, ọmọ Scotland tó dé ìlú náà ní January 1826, kọ ọ́ pé odi amọ̀ ọ̀hún ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ yí i ká, bodè 10 ló wà lára rẹ̀, igbó kìjikìji sì tún yí odi náà po. Ó fojú bu àyíká rẹ̀ sí máìlì 15. Igbó yẹn wúlò bí odi fúnra rẹ̀: ẹlẹ́ṣin kò lè sáré nínú rẹ̀, tafàtafà kò sì lè ríran jìnnà.

Nígbà tí Richard àti John Lander, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1830, odi ti ń wó. Agbára ìlú ti tán lára ìjà Afọ̀njá, Kakaǹfò tó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, àti ti Ìlọrin, àwọn tó yẹ kó máa tún odi rẹ́ lọ́dọọdún sì ti ń dín kù. Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sógun Eléduwẹ̀ tí wọ́n bá Ìlọrin jà, ní nǹkan bí 1835 sí 1837, àwọn tó kù kó jáde. Àtìbà, tó jọba lẹ́yìn Olúewu, sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí, ọ̀pọ̀ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí odi tirẹ̀ ṣì dúró. Láti ìgbà náà, òjò ló ń bá odi Ọ̀yọ́-Ilé jà, òjò yẹn sì ń rí olùrànlọ́wọ́ láàárín àwa àlejò. A ó débẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá odi mọ̀ nìyí. Tí ilẹ̀ bá rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀tún àti òsì. Kòtò tí àgbàrá gbẹ́ máa ń sá tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Yàrà lè gba ìbúlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá, ìbú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ogán, ilé ikán, máa ń dá dúró ni. Odi ń lọ gbọọrọ. Ẹ rìn létí kòtò náà tó ìṣísẹ̀ 50. Bí òkìtì bá ń bá yín lọ ní apá kan ṣoṣo, odi ni, apá tí òkìtì wà ni inú ìlú. Ẹ fi àmì sí i lórí GPS, kí ẹ máa bá a lọ, torí odi náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹ́ tó bá rí àkọ́kọ́ tó padà kò tíì rí ìlú.

Ní ibi tí odi bá ti ya, ẹ wo yàrà. Bí yàrà náà bá dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà láàárín, bodè ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí yàrà bá ń lọ tí odi nìkan ya, ó wó ni.

Ẹ kúnlẹ̀ níbi tí odi bá ti ya bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Erùpẹ̀ dúdú sábà máa ń wà nísàlẹ̀, pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ á wà lókè, òdìkejì bó ṣe wà nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wú jáde ni wọ́n kọ́kọ́ dà sílẹ̀; èyí tó wà nísàlẹ̀ yàrà ló gun orí gbogbo rẹ̀. Ìtẹ̀léra iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ lẹ ń wò yẹn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: ènìyàn 15 á gun odi níbì kan náà. Koríko ibẹ̀ á kú, ẹsẹ̀ á la ọ̀nà tóóró sára rẹ̀. Ní May, omi òjò á rí ọ̀nà yẹn, á gbẹ́ ẹ, láàárín ọdún díẹ̀ odi á ya sí méjì. Nítorí náà, bodè tàbí ibi tó ti wó tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa gbà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró sórí odi ya fọ́tò. Bí ẹ bá ní láti wọ yàrà, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, torí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ń yí lábẹ́ bàtà.

Nínú ìlú, igi oṣè ni kí ẹ máa wò. Ibi tó bá wà, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ó rí àpáàdì, ọlọ, àti ojú ibi tí wọ́n ti lọ nǹkan lórí àpáta, tó jinlẹ̀ tó sì ń dán bí inú àwo. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí ó wà. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, Babatunde Agbaje-Williams náà ṣèwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1983. Ibi tí àpáàdì wà ló ń sọ̀rọ̀ fún irú wọn. Tí ẹ bá ti mú un sápò, ó ti yadi. Òfin ilẹ̀ wa náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ irú ibẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ.

Ihò Àgbàkù, tí wọ́n ní àwọn ènìyàn fi ṣe ibi ìsápamọ́ lásìkò ogun, la máa ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wọ̀ ní méjì méjì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo òkè kí ẹ tó wo ilẹ̀: bí oyin bá wà lára àpáta, ẹ yí padà láì pariwo. Ibi tí ìgbẹ́ àdán bá wà, ẹ má tú eruku rẹ̀, ẹ má jókòó síbẹ̀, torí àrùn wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà. Bí oyin bá tú, ẹ sá, ẹ bo ojú, ẹ má gbá a.

Ènìyàn 12 pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó. Ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan gbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ní fèrè. Ìfọn mẹ́ta túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn dúró. Ẹ gba máàpù sórí fóònù láti ilé, torí ẹ kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbẹ́kẹ̀ lé. Omi lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹ má kó gààrí lọ bí oúnjẹ ọ̀sán: omi mímu yín ló máa jẹ. Àádùn, ẹ̀pà, kúlíkúlì àti ọsàn dára jù. Ẹni tí oòrùn bá mú, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, kí ẹ po omi lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì fún un, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ àwọ̀ káákì ni kí ẹ wọ̀. Dúdú àti búlúù ń pe eṣinṣin tsetse. Ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ tó ga ṣe pàtàkì nítorí èèmọ́, àti nítorí yèrèpè ní pàtàkì, torí èso rẹ̀ ti gbẹ lásìkò náà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ irun rẹ̀ kiri. Bí ó bá bà yín, ẹ má yún un. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ awọ ara, ẹ ṣí i kúrò, ẹ tún un ṣe títí irun á fi tán, kí ẹ tó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ti ejò: kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè bóyá oògùn oró ejò wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má gé e ní abẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀, ẹ fi igi gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà ró, kí ẹ gbé e; kó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Aago 2 ọ̀sán ni ìpadà, ibi yòówù kí ẹ dé. Ní odi tó kẹ́yìn, kí ẹni tó gbẹ̀yìn dúró sẹ́nu bodè, kó ka orí ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì wo ọwọ́ àti báàgì wọn bóyá àpáàdì wà níbẹ̀.