Ẹ bá mi dúpẹ́: oorun ti padà sójú mi, àwo orin mi sì ti jáde

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Àwo orin jáàsì mi àkọ́kọ́ ti jáde, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n àwo nìkan kọ́ ni mo torí ẹ̀ wá dúpẹ́. Mo wá dúpẹ́ pé mo ti ń sùn.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Á rẹ̀ mí tẹnutẹnu, n óò dùbúlẹ̀, ojú mi á wá là kedere. N óò máa gbọ́ bí jẹ́nẹ́rétọ̀ àdúgbò ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Oṣù ń gorí oṣù. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ, èémí mi ò gbé ìlà orin gígùn mọ́, orin tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, l'Ékòó, á sì fò lọ lórí mi níwájú èrò. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ohùn ni mo fi ń jẹun.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni, àwọn kan gbé àgbo wá. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ìdáná ni mo máa ń wà lóru, kí n má bàa jí ọkọ mi àtàwọn ọmọ. Fíríìjì wa máa ń kùn. Lóru ọjọ́ kan, mo bá a kùn, etí mi sì gbé e pé ohùn orin tí à ń pè ní G ni, ó kàn fi díẹ̀ ga ju ti dùrù lọ ni. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Tó bá jẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ la tàn, ohùn náà á máa mì, èmi náà á máa mì tẹ̀lé e. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo sì ń kọrin jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn orin inú àwo yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí ohùn mi fi rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé ló ń sùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi makirofóònù gba orin sáwo ní 1925, akọrin ní láti ké sínú ìwo ńlá kan ni. Makirofóònù ló jẹ́ kí Billie Holiday, akọrin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gba orin sáwo ní 1933, lè kọrin bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ló bá mi ṣọ́ òru.

Ọlọ́run wá lo dókítà kan. Ó ní ẹni tí oorun bá ń dá lójú rẹ̀ lóru mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó sì tó oṣù mẹ́ta, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kí n má gun ibùsùn àfi tí oorun bá ń kùn mí. Tí n kò bá sùn, kí n dìde. Kí n má sùn lọ́sàn-án. Aago kan náà ni kí n máa jí, ìbáà jẹ́ òru ni mo ti òde eré dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le! Ìyá ọkọ mi ló wá dúró tì wá. Wọ́n á gbá mi lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́: “Ìyàwó mi, dìde, aago mẹ́fà ti lù.” Díẹ̀díẹ̀, oorun padà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n má wá ìwòsàn, pé ìbànújẹ́ ló ń bí orin. Rárá o. Àìsùn bẹ̀rẹ̀ àwọn orin wọ̀nyí, kò parí ọ̀kankan. Ìgbà tí mo ń sùn ni mo tó lè tẹ́tí sí ohun tó wà nínú fóònù, tí mo mọ èyí tó jẹ́ orin àtèyí tó jẹ́ ẹkún lásán. Ìwé Jóòbù pe Ọlọ́run ní ẹni tó ń fúnni lórin lóru. Ó fún mi lórin, ó tún fún mi lóorun.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ Mọ́mì, lọ́wọ́ dókítà. Onígìtá béèsì mi ńkọ́? Fíríìjì yẹn gan-an lẹ ń gbọ́ nínú orin àkọ́kọ́. Dùrù ò lè bá a mu, ló bá fa okùn béèsì rẹ̀ sókè díẹ̀, àwa méjèèjì nìkan la kọ ọ́. Kò bi mí ní ìdí kankan.

Ẹnikẹ́ni tí oorun ń sá fún, kí Olúwa dá a padà fún un lónìí. Àmín.